Ẹ Má Yọ Afẹ́fẹ́ Lára Táyà Tó Gbóná

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ìṣirò afẹ́fẹ́ inú táyà la ó ṣe lónìí.

Ẹni tó ń fi zémidjan ṣiṣẹ́ gbé ìyá oníṣòwò kan àti ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọjà Assiyéyé. Oòrùn mú gan-an. Ó fọwọ́ kan táyà, ó rí i pé ó le bí òkúta. Ó ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, ó sì yọ díẹ̀. Ṣé ohun tó ṣe dára? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ní àárọ̀, gééjì ka bár 2. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí wa ká náà ní agbára tirẹ̀, bí bár 1, gééjì kì í sì í kà á. Nítorí náà: 2 + 1 = 3.

Bí inú táyà bá gba líta 6, afẹ́fẹ́ ìta tí a tì sínú rẹ̀ jẹ́ 6 × 3 = líta 18. Robert Boyle ti kọ ọ́ ní ọdún 1662 pé bí agbára tí a fi ń tẹ afẹ́fẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè rẹ̀ ń kéré sí i.

Ooru ńkọ́? A máa ń fi 273 kún iye digírì ká tó ṣírò.
Àárọ̀: 27 + 273 = 300.
Táyà ní ọ̀sán: 57 + 273 = 330.

Bó bá jẹ́ inú bàlúù ni, líta 300 ìbá di líta 330. Ṣùgbọ́n táyà kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Agbára inú rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i:
3 × 330 ÷ 300 = 3,3.
Ẹ yọ 1 kúrò: gééjì yóò ka 2,3.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó fi afẹ́fẹ́ kún un. Ooru ni. Bí ọkùnrin yìí bá yọ ọ́ títí gééjì fi ka 2, nígbà tí táyà bá tutù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, yóò ka nǹkan bí 1,7 péré. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ó ń gbóná jù, ó sì lè ya lójú ọ̀nà Tsévié, pẹ̀lú èèyàn lórí alùpùpù.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọn táyà, kó tó rìn.

Iṣẹ́ ilé: bí táyà náà bá gbóná dé digírì 42, kí ni gééjì yóò kà? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó wo ìdáhùn: 2,15. Ó dàbọ̀ o.