Bí A Ṣe Ń To Gìtá: Ọ̀rọ̀ fún Òbí àti Ọ̀dọ́

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ owó-orí ni màá sọ, nítorí iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, òun náà ni mo sì wá kàwé gboyè kejì lé lórí ní ìlú òyìnbó. Ẹ jẹ́ ká fi owó-orí sílẹ̀ lónìí. Gìtá oníná ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí ènìyàn ṣe lè ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò ó fúnra rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, to ọ̀kan nínú gáréèjì wa ní Dagenham níbí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní gìtá kì í ṣe ohun tiwa, kí ó rántí Àyìndé Bákárè, ẹni tó fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá sókè nínú orin jùjú ní 1949. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ebenezer Obey àti King Sunny Adé gbé e dé ibi tí gbogbo ayé fi gbọ́. Pákó rẹ̀ pàápàá kò jìnnà sí wa. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé gìtá Flying V àti Explorer jáde ní 1958, igi tí wọ́n pè ní korina ni wọ́n fi ṣe é. Korina yẹn, igi afàrà ni, èyí tí àwọn onípákó wa nílé mọ̀ dáadáa.

Ìlú tí a ń gbé yìí náà mọ iṣẹ́ ìtòpọ̀. Láti 1931 ni Ford ti ń to mọ́tò ní Dagenham, títí di 2002 tí mọ́tò ìkẹyìn fi jáde níbẹ̀. Ní Essex, nítòsí wa, Jim Burns ń ṣe gìtá ní àwọn ọdún 1960. Ohun tó ń gba ohùn okùn sínú wáyà ni wọ́n ń pè ní pickup. Ti Burns ni Brian May, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, fi sí gìtá tí òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn nílé ní 1963. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀, bọ́tìnì ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì fi sàmì sí i. Gìtá yẹn náà ló ta lórí òrùlé ààfin Buckingham ní 2002.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwa kọ́.

Èkíní ni ìṣúná. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀yà sílẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: ara gìtá, ọrùn, ohun tí a fi ń fa okùn le, bíríìjì, pickup, fọ́lúmù, wáyà, síkúrù àti okùn. £250 ni a kọ, £310 ni a ná, nítorí pé a gbàgbé irinṣẹ́. Ẹ má rò pé ẹ ó tà á jèrè; gìtá tí ènìyàn tò fúnra rẹ̀ kì í sábà mú owó rẹ̀ wọlé padà. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wọ́n níwọ̀n, kí ó ra àlòkù.

Èkejì, kí ọrùn àti ara bára mu. Ojú ibi tí ọrùn ń wọ̀ lára gìtá irú ti Fender sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 56. Ẹ béèrè ìwọ̀n méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìkùn ún. Bí ó bá bára mu tán, ẹ tú u, kí ẹ wá fi ọ̀dà kùn ún.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi agbára wọ síkúrù. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi ọṣẹ pa síkúrù lára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pákó líle máa ń la, síkúrù sì máa ń kán sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà. Pickup oníkọ́ìlì kan sábà máa ń bá fọ́lúmù 250k lọ, oníkọ́ìlì méjì sì ń bá 500k lọ. Ẹ má gbàgbé wáyà tó so bíríìjì mọ́ ìdí fọ́lúmù. Bí kò bá sí i, gìtá á máa kùn bí oyin. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì tú amplifier o! Iná inú rẹ̀ lè pa ènìyàn, kódà bí a bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀karùn-ún sí ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ìwọ̀n ni. Láti nut, ìyẹn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, dé orí bíríìjì gìtá wa gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 648. Ìrin kejìlá lára ọrùn gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn, ní 324.

Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi bi mí pé, "Daddy, ṣé ó dá yín lójú ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀?" Mo ní, "Ta ni oníṣirò nínú ilé yìí?" Ó bá lu ihò. Nígbà tí a fi okùn sí i, òfìfo okùn dún dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti tẹ ìrin kejìlá, ohùn á ga jù. Mo sọ fún un pé kò di dírìlì mú dáadáa ni. Ó gbé dírìlì sílẹ̀, ó gòkè lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ gáréèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tún un wọ̀n. Iwájú nut, níbi tí okùn ti ń kúrò, la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mìlímítà mẹ́ta péré! Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn, mo sì di ti ara mi ru ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ mi, àní.

Mo gòkè, mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Èmi ni mo wọ̀n ọ́n tì. Mo tún purọ́ mọ́ ọ. Má bínú." Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá fi hàn òun.

A fi igi àti gúlúù dí ihò náà, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òun ni mo ní kí ó wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí ó sì ka àwọn ìrin ọrùn sí mi létí. Ó bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó dé ẹ̀rìnlá, ó há. Mo ṣàlàyé pé láti ẹ̀ẹ́dógún, inú ogún la ti ń yọ ọ́: àrún dín lógún, ẹ̀rin dín lógún. Ó ní, ṣé Yorùbá ń sọ pé ó ku ọdún mẹ́rin kí òun pé ogún ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kà á dé méjìlélógún. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ Yorùbá.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mi ò ní kí gbogbo yín lọ ra gìtá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ wá iṣẹ́ kan tí ẹ̀yin àti ọmọ yín lè jọ fọwọ́ ṣe, bí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n tì, ẹ jẹ́wọ́ kíákíá. Ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ jù láàárín bàbá àti ọmọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ ó gbọ́ gìtá náà lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ bá wo ìdí bíríìjì rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àpá níbẹ̀. Mo fẹ́ kùn ún bò. Ọmọ mi ní ká fi í sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí ẹgbẹ́ wa máa tẹ̀síwájú.