Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Lè Bá Wa Ṣọ́ Ẹyin
(Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó)

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹbútẹ́ Èrò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ tòní kàn.

Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń di òròmọdìẹ. Nínú àpótí ìsàba tó ní fáànù, ooru gbọ́dọ̀ wà ní bíi 37.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá kọjá 39 tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ inú ẹyin á kú. Ta ló fẹ́ jókòó ti gílóòbù tọ̀sán tòru, kó máa tàn án, kó máa pa á?

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àtijọ́ lè ṣe é. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń ki okùn pírintà bọ̀: ihò 25 ló wà níbẹ̀, 13 lókè, 12 nísàlẹ̀. Parallel port lorúkọ rẹ̀. Ihò 2 sí 9 ló ń ránṣẹ́ jáde. Ihò 10, 11, 12, 13 àti 15 ló ń gbọ́ èsì. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í sábà ní in mọ́, okùn USB tí wọ́n fi ń so pírintà kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Láti ihò 2, ẹ gba inú resistor 1,000 ohm lọ sí ẹsẹ̀ base transistor 2N2222. Transistor yìí ni yóò máa tan relay fóòtì 12 tó ní bátìrì tirẹ̀. Ẹ so òdì bátìrì náà àti ẹsẹ̀ emitter mọ́ ihò 25. Ẹ fi diode 1N4001 dábùú relay, kí ojú tó ní ìlà kọ sí ọ̀nà bátìrì.

2. Ẹ wá thermostat tó ń la ẹnu nígbà tí ooru bá tó. Okùn rẹ̀ kan lọ sí ihò 10, èkejì sí ihò 25. Bí okùn bá já, gílóòbù á kú; ẹyin ò ní jóná.

3. Nínú QBASIC lórí DOS, ẹ kọ ìlà méjì yìí:

10 IF (INP(889) AND 64) = 0 THEN OUT 888, 1 ELSE OUT 888, 0
20 GOTO 10

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ooru kò bá tó, kó tan iná. Bó bá tó, kó pa á.

Ẹ gbọ́ o! Ìránṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà, kì í ṣe alágbára. Fóòtì 5 péré ló ń jáde lójú ihò yẹn. Iná ilé lé ní 200. Bó bá kan ibẹ̀, kọ̀ǹpútà á jóná, iná sì lè gbé èèyàn. Ẹnu relay nìkan ni kí iná ilé gbà kọjá, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná sì bá yín so ó. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 fún ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina, ẹ̀kọ́ ni: iná kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ẹ tún fi thermostat kejì sójú okùn gílóòbù, èyí tí yóò já a ní 38.5. Kọ̀ǹpútà lè dákú nígbà tí gílóòbù ṣì ń tàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bó bá jẹ́ àpótí kan ṣoṣo lẹ ní, thermostat nìkan tó yín. Kọ̀ǹpútà lè jẹ iná ju gílóòbù lọ. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo á ṣọ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí àpótí. Ẹ da aṣọ bò ó.

Adìẹ yín á pọ̀ sí i.