Ìwé Tí A Mọ̀, Ta Ni A Fi Ń Sìn?

 

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọjọ́ kan tí kò tíì jìnnà. Lẹ́tà dé sí ilé wa. A gbà á, a yí i síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún. A kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. A wá dìde, a tọ ẹni tí ó mọ̀wé lọ. Nígbà mìíràn yóò ní kí á padà wá lọ́la. Nígbà mìíràn yóò kà á tán, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ àṣírí wa. Ó ń dun ni, àbí kò dun ni?

Lónìí, a dúpẹ́, àwa náà ti mọ̀wé. Ṣùgbọ́n àwa pàápàá ti ṣe ohun tí kò dára. Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan mú páálí oògùn wá bá wa, pé kí á wo iye tí òun yóò lò. Ọwọ́ wa dí. A ní kí ó máa lọ ná, kí ó padà wá. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí a lọ wò ó ní ọjọ́ kejì, ó ti lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni ó yè. Ojú tì wá gidigidi.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í sin ọmọnìkejì. Ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ ni a ó ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ìtàn náà wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 6. Àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́. Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀ ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ní wọn kò ka àwọn opó tiwọn kún. Ṣé ẹ rí i? Ènìyàn lè máa ṣe rere, kí ó má mọ̀ pé òun ń gbójú fo ẹnì kan.

Kí ni àwọn Àpọ́sítélì ṣe? Wọn kò bínú sí àwọn tí ó ráhùn. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7 tí a jẹ́rìí rere sí, kí wọ́n máa bójú tó iṣẹ́ náà. Stéfánù wà nínú wọn, Fílípì pẹ̀lú. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo àwọn 7 náà ń jẹ́. Ó jọ pé láàrin àwọn tí ó ráhùn gan-an ni a ti yan ẹni tí yóò máa pín oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ẹni tí yóò sìn gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn wò, kí ó mọ ẹni tí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ẹni tí ó fi gègé sìn. Gbogbo wa ti gbọ́ nípa lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù. Pọ́ọ̀lù ni ó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó bá a kọ ọ́. Tertiu ni orúkọ onítọ̀hún. Orí 16 ni lẹ́tà náà ní. Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni Tertiu fi kí àwọn ará. Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: bí a bá ń kọ̀wé fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni lẹ́tà ni kí á kọ, kì í ṣe tiwa.

Ẹnì kẹta, ará Íjíbítì ni. Pachomius ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 312, nígbà tí ó tó bí ọmọ 20 ọdún, ìjọba Róòmù fi agbára mú un wọ iṣẹ́ ológun. Kì í ṣe Kristẹni nígbà náà. Wọ́n ti òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lé ní ìlú Thebes, tí à ń pè ní Luxor lónìí. Ìyà ń jẹ wọ́n. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, àwọn ará ìlú kan gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ó yà á lẹ́nu. Ó bèèrè irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní Kristẹni ni wọ́n. Ní òru ọjọ́ náà ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá bọ́, òun yóò máa sin ọmọ aráyé.

Ó bọ́ lóòótọ́, ó sì mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ó gba ìrìbọmi. Nígbà tí ó ṣe, ó dá ilé kan sílẹ̀ ní Tabennisi, fún àwọn tí ó fẹ́ máa gbàdúrà kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun tí í ṣe olórí ni ó ń tẹ́ tábìlì oúnjẹ, òun ni ó ń gbin ẹ̀fọ́, òun náà ni ó ń tọ́jú aláìsàn.

Òfin kan wà nínú ilé náà tí yóò dùn mọ́ wa. Ẹni tí kò mọ̀wé tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ́ ìwé kíkà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni yóò lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí kò tilẹ̀ fẹ́, dandan ni. Nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn ni o! Ẹni tí ó mọ̀wé níbẹ̀ kò lè fi í pamọ́ fún ara rẹ̀ nìkan.

Àwọn tí ó gbé oúnjẹ wá lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àwo oúnjẹ wọn ni ó bí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ kẹta nìyẹn: oore kékeré kì í kéré.

Kí wá ni kí á ṣe? Yálà Kristẹni ni wá tàbí Mùsùlùmí, a lè ṣe é. Bí ẹnì kan bá mú ìwé wá, kí á gbé iṣẹ́ ọwọ́ wa kalẹ̀. Kí á kà á bí ó ti wà. Kí á pa àṣírí mọ́. Kí á má gba owó. Lẹ́yìn èyí, kí á bi í bóyá yóò fẹ́ kọ́ bí a ti í kọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí a tó tún pàdé, kí olúkúlùkù wa ka ìwé kan fún ẹnì kan. Nígbà tí a bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó bi ara wa: ta ni o fi ìwé rẹ sìn?