Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Tó Fún Ojú Ìyá

Nígbà tí àwọn ọmọ bá mú ìyá wọn arúgbó jókòó níwájú ilé nínú aṣọ funfun, kí ayàwòrán lè yà á, ojú ìyá ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà púpọ̀, aṣọ a mọ́ kedere, ojú a sì ṣókùnkùn. Bí ọlọ́jọ́ bá ti dé, kò sí ẹni tí yóò lè tún un yà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ó di kámẹ́rà mú mọ ohun mẹ́ta tí ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀.

Èkíní ni ihò ojú kámẹ́rà. Nọ́ńbà rẹ̀ a máa rú ènìyàn lójú, nítorí pé ihò f/4 tóbi ju ti f/16 lọ. Èkejì ni ìdérí tí ń ṣí tí ó sì ń padé. Bí ó bá ṣí fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti 1/125. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù, ọwọ́ tí ń gbọ̀n yóò ba àwòrán jẹ́. Ẹ̀kẹta ni agbára fíìmù, tàbí ti kámẹ́rà òde-òní tí kò lo fíìmù, láti gba ìmọ́lẹ̀. ISO ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí 100 ń fẹ́ ni 200 ń fẹ́.

Nínú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú ISO 100, f/16 àti 1/125 ni àwọn ayàwòrán ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ibòòji gbangba, f/4 ni, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 16 ìmọ́lẹ̀.

Òṣùwọ̀n inú kámẹ́rà kò mọ ojú yàtọ̀ sí aṣọ. Bí ó bá rí funfun púpọ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú yóò sì ṣókùnkùn. Kí ayàwòrán gbé ìyá sí ibòòji, kí ó sún mọ́ ọn, kí ó wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá dúdú gan-an, kí ó dín ìmọ́lẹ̀ náà kù díẹ̀, kí ìyá má bàa pọ́n ju bí ó ti rí.

J. D. 'Okhai Ojeikere ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọ-fọ́tò Ilé Iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn ní 1954. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin. Irun dúdú ni, síbẹ̀ ìlà dídì rẹ̀ hàn kedere.

Aṣọ ṣeé rà lọ́jà. Ojú ìyá kò ṣeé rà.