Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Lórí Ásímà Àgbàlagbà

 

Ásímà kì í ṣe àìsàn ọmọdé nìkan. Irú kan wà tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lágbà: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní eosinophil ni yóò pọ̀ jù, tí yóò mú ọ̀nà èémí wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn, ẹ béèrè rẹ̀.

Ó di ìgbà tí mímí bá nira lóru ká tó sáré lọ ọsibítù. Wọ́n á fún wa ní prednisolone, ara á balẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a tún débẹ̀. Àlòtúnlò prednisolone ọ̀hún sì lè gbé ṣúgà sókè, kó ba eegun jẹ́. Ínhélà aláwọ̀ búlúù ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí díẹ̀ ni, kò kan wíwú yẹn rárá. Èyí tó ní steroid nínú, tí à ń fà bí ara tilẹ̀ yá, ló ń dín in kù. Ẹ̀yin onísọ̀ ata gbígbẹ, ṣé ẹ ń gbọ́?

Owó ìrànwọ́ àìsàn wa, ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nìkan là ń fún. Èmi ò rò pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa fi ra ínhélà ojoojúmọ́ fún ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún. Ẹ wá sọ tiyín ní ìpàdé.