Ẹ Jẹ́ Ká Gbin Ẹ̀fọ́ Sí Ilẹ̀ Ìlú Tó Ṣófo

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Adja-Ouèrè, Ikpinlè, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré àti Tatonnonkon, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo mú wá.

Kì í ṣe ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ilẹ̀ gbogbo ìlú ni: ẹ̀yìn ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ọjà, àyíká ilé ìwòsàn. Ẹ wò ó dáadáa. Igbó ló bo òmíràn. Ìdọ̀tí là ń dà sí òmíràn. Ejò ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀fọn ń pọ̀ nínú agolo tí omi òjò kún. Síbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, à ń fi owó gọbọi ra tòmátì àti ata. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀? Kò yẹ.

Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oko ń jìnnà. Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè rìn dé oko mọ́. Ọ̀dọ́ tí kò rí ilẹ̀ gbà ń sá lọ sí Kútọnu tàbí Èkó. Ilẹ̀ tó ṣófo nítòsí ilé lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Àwọn míì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1976, ìjọba Nàìjíríà, aládùúgbò wa, ké sí gbogbo ará ìlú kí wọ́n gbin oúnjẹ síbi tí àyè bá wà. Ní Àjàṣẹ́, ní 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo bẹ̀rẹ̀ Songhaï lórí hẹ́kítà 1 péré tí ìjọba fún un. Lónìí, àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Cuba, lẹ́yìn 1991, oúnjẹ àti epo ọkọ̀ wọ́n. Àwọn ará Havana bá gbin ẹ̀fọ́ sí ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Ní Houéyiho, ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ fi gbin ẹ̀fọ́ bọ́ ìlú. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì ní ìwé lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Nítorí náà, kí a tó gbé ọkọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé bíìkì.

Èkíní: ẹ pe ìpàdé, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ bi àwọn àgbà: ta ló ni ilẹ̀ yìí? Ṣé ẹbí kan kò ń jà sí i? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ òrìṣà?

Èkejì: ẹ lọ bá olórí abúlé, kí ẹ tó lọ bá mérì. Òfin ilẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 fi ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sí kọ́múnù, ó sì fi ẹ̀ka rẹ̀ sí abúlé. Ẹ béèrè wọn.

Ẹ̀kẹta: ẹ ní kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Níbo ni ilẹ̀ náà wà? Báwo ló ṣe tóbi tó? Ọdún mélòó la ó lò ó? Bí ìjọba bá fẹ́ gbà á padà, ṣé a ó kórè ká tó kúrò? Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Torí irú èyí la ṣe kọ́ ìwé.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má gbin ọ̀pẹ, ẹ má gbin tẹ́ẹ̀kì síbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ń sọ pé tòun ni. Ilẹ̀ gbogbo ìlú kì í di ti ẹnì kan nítorí pé ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó tètè ń jáde ni ká gbìn: tẹ̀tẹ̀, ọọ́yọ́, ilá, ata, tòmátì. Tẹ̀tẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ 4 lọ tí a ó fi máa já a.

Ẹ wá omi kí ẹ tó kọ ebè. Mítà 1 ní fífẹ̀ tó, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀. Ẹ ṣa rọ́bà àti ìgò kúrò. Ẹ má gbin nǹkan síbi tí wọ́n ń da bátìrì àti epo ọkọ̀ sí, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Ẹ kó ewé gbígbẹ, èépo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ adìẹ jọ. Ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i, títí yóò fi jẹrà. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe fín oògùn òwú sí ẹ̀fọ́ láéláé: májèlé ni.

Ẹ pín ebè fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé opó. Ẹ má gbàgbé ọ̀dọ́ tí kò nílẹ̀. Kí ẹnì kan máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, kó sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ilẹ̀ gbogbo wa ni. Kó di oúnjẹ gbogbo wa.