Ta Ló Fi Ìwọ̀n Lé Kọ̀ǹpútà Owó Oṣù Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìgbòho)

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó wa ni. Láyé àtijọ́, inú ìwé ńlá ni wọ́n ń kọ orúkọ wa sí. Nísinsìnyí, inú kọ̀ǹpútà ni owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ẹgbẹ́ wà. Bí owó bá pẹ́, èsì kan náà ni a ń gbọ́: "Kọ̀ǹpútà ló daṣẹ́ sílẹ̀." A kò gbọdọ̀ gba èsì yẹn láì béèrè. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá. Ìwọ̀n tí ọmọ ènìyàn fi lé e lórí ló kún.

Linux ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ ń lò. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Lórí Linux, a máa ń fi ìwọ̀n lé aṣàmúlò lórí: iye fáìlì tí iṣẹ́ rẹ̀ kan lè ṣí pọ̀, iye iṣẹ́ tí ó lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣàmúlò yìí kì í ṣe ènìyàn nìkan o. Oracle, MySQL àti PostgreSQL tí ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ ní orúkọ aṣàmúlò tiwọn.

Ìwọ̀n méjì ló wà, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le. Ẹ̀yin awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yé. Bọ́ọ̀sì tí ìwé rẹ̀ sọ pé èrò 18 ni, awakọ̀ lè ní 14 lòun máa gbé. Bí ọjọ́ ọjà bá dé, ó lè fi kún un títí dé 18, kò sí ẹni tí yóò mú un. Bí ó bá fẹ́ kọjá 18, àfi kí ó lọ sí ọ́fíìsì tó kọ ìwé náà. Lórí Linux, ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní root ni ọ́fíìsì yẹn.

Lórí ọ̀pọ̀ Linux, ìwọ̀n rírọ̀ ti fáìlì jẹ́ 1024. Fún akọ̀wé kan, ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n lórí MySQL, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń dá gbogbo àlejò lóhùn, olúkúlùkù tó bá sì so mọ́ ọn ni a kà sí fáìlì kan, láìka àwọn ìwé àkọsílẹ̀ fúnra wọn. Bí ìwọ̀n kò bá ju 1024 lọ tí gbogbo ẹ̀ka sì dé pọ̀ ní ìparí oṣù, ẹ̀rọ á kọ "Too many open files", á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Àyè ṣì wà nínú ẹ̀rọ o!

Inú fáìlì /etc/security/limits.conf ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ìwé ìlànà Oracle ní kí ìwọ̀n líle ti fáìlì má dín ní 65536, kí ti iṣẹ́ má sì dín ní 16384. Síbẹ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìwọ̀n tuntun ń mú. Iṣẹ́ tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ kò gbọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí nìyí. Àwa ará Ìgbòho, ìlú tó ti jẹ́ olú ìlú Ọ̀yọ́ nígbà kan, a mọ ọ̀rọ̀ oníbodè. Ẹni tó gba ẹnu bodè kọjá ni oníbodè ń kà. Ọmọ tí a bí sínú ìlú kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Oníbodè ni limits.conf. Iṣẹ́ tí systemd bá gbé dìde nígbà tí ẹ̀rọ ń jí kò gba ibẹ̀ kọjá. Nínú ìwé iṣẹ́ náà gan-an ni a ó ti kọ LimitNOFILE, kí a sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí òtítọ́, kí ó ka /proc, nọ́ńbà iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà limits.

Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ ìwọ̀n kúrò pátápátá. A kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan tó ya wèrè lè máa bí ara rẹ̀ títí yóò fi gba gbogbo ẹ̀rọ, bí ọkọ̀ tí wọ́n di iṣu kún títí áàsì rẹ̀ fi kán.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni a ó gbé síwájú wọn: iye wo ni ẹ kọ, ta ló kọ ọ́, ṣé ẹ sì dán an wò kí ọjọ́ owó tó pé? Kí wọ́n fi èsì rẹ̀ sínú ìwé fún wa.